Iginla ń kọ́ àwọn ọmọdé ní họ́kì: ṣé ìyẹn náà jẹ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Kánádà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Lọ́dún 2024, mo rí i pé ikọ̀ họ́kì orí yìnyín ti Utah mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tij Iginla ní ipò kẹfà nígbà tí àwọn ikọ̀ ńlá ń yan àwọn ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú látìgbà tí ikọ̀ náà ti dé ìlú yẹn. Orúkọ yẹn ta mí létí. Nígbà tí mo wádìí, wọ́n ní ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Jarome bàbá rẹ̀, pé ọmọ Yorùbá ló bí i. Wọ́n tún ní bàbá náà ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá báyìí, àmọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń kọ́ ní ìlú kékeré kan. Kí ló dé? Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó máa darí ikọ̀ ńlá? Àbí torí pé ó dúdú ni wọn ò ṣe gbé e fún un? Lójú tèmi o, ẹni tó ń kọ́ ọmọdé kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó kàn ń bá àwọn ọmọ ṣeré ni.

* * *

Gbólóhùn tí ẹ fi kádìí ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n dá sí i. Calgary ni mo ń gbé láti 2009, ọmọ mi sì ń gbá họ́kì, nítorí náà màá sọ ohun tí mo fojú ara mi rí mọ́ ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Ilẹ̀kùn ò tì mọ́ Iginla. Ní 2023, Calgary Flames, ikọ̀ tó ti gbá fún jù, pè é padà kó wá máa gba ọ̀gá àgbà wọn, Craig Conroy, nímọ̀ràn. Conroy yìí kan náà ló bọ́ ipò balógun ikọ̀ fún un ní 2003 nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń gbá. Ìyẹn ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dénú ló wà nípò àṣẹ níbẹ̀.

Ní ti orúkọ: Adékúnlé ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́ láti ilé. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó dé Kánádà, ibẹ̀ ló ti sọ ara rẹ̀ ní Elvis, ó sì kàwé di agbẹjọ́rò. Ìyá Jarome, Susan Schuchard, òyìnbó Amẹ́ríkà láti Oregon ni. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1977 ni wọ́n bí i ní Edmonton, ọjọ́ tí Kánádà ń ṣe àjọ̀dún orílẹ̀-èdè. Ọmọ ọwọ́ ló ṣì jẹ́ nígbà tí ìyá àti bàbá rẹ̀ fi ara wọn sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn òbí ìyá ló dàgbà sí, ní St. Albert lẹ́gbẹ̀ẹ́ Edmonton. Bí ìyá bá wà lẹ́nu iṣẹ́, bàbá àgbà ló máa ń wà á lọ sí pápá yìnyín. Ẹ fi bàbá àgbà yìí sọ́kàn.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé, "Kí ló tiẹ̀ ṣe tí ẹ fi ń gbé e gẹ̀gẹ̀ báyìí?" Ìbéèrè gidi ni. Bọ́ọ̀lù là ń wò nílé, a kì í wo yìnyín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí eré náà ṣe rí. Èèyàn mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé wà lára wọn. Bàtà wọn ní irin mímú nísàlẹ̀, ọ̀pá gígùn tó tẹ̀ lẹ́sẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì ni wọ́n ń lé. Ogún ìṣẹ́jú lọ́nà mẹ́ta ni. Eré náà le débi pé ẹni tó bá wọlé kì í ju bí ìṣẹ́jú-àáyá 45 lọ kó tó sáré jáde kí ẹlòmíì bọ́ sí i, rẹfirí ò sì ní dá eré dúró nítorí ìyẹn. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ṣi ẹni kan rán jáde, góòlù ti wọlé.

Iginla fi ọdún méjì àkọ́kọ́ ṣe aṣọ́lé, torí Grant Fuhr ló ń wò, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣọ́lé fún Edmonton Oilers nígbà tí wọ́n ń gba ife léraléra. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní kò sí aláwọ̀ dúdú nínú NHL, líìgì họ́kì tó ga jù, Fuhr ló máa ń dárúkọ fún wọn. Ẹ sì wá wò ó: ní sáà 1999 sí 2000, Fuhr kan náà wá gbá sáà ìkẹyìn rẹ̀ ní Calgary, òun àti Iginla sì jọ wọ aṣọ ikọ̀ kan ṣoṣo.

Kó tó pé ogún ọdún, ó ti bá Kamloops Blazers gba Memorial Cup lẹ́ẹ̀mejì, 1994 àti 1995. Kò sí ife tó ju ìyẹn lọ fún àwọn ọ̀dọ́ Kánádà. Dallas mú un ní ipò kọkànlá ní 1995, ṣùgbọ́n nínú oṣù Kejìlá ọdún náà wọ́n gbé e fún Calgary kí wọ́n lè gba Joe Nieuwendyk. Nieuwendyk gba Stanley Cup, ife NHL, ní Dallas ní 1999. Iginla ò gbà á rí títí tó fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dun àwọn ará Calgary títí di òní.

Sáà 2001 sí 2002 ló ta yọ. Góòlù 52, àmì 96 (ìyẹn góòlù tirẹ̀ àti èyí tó bá ẹlòmíì ṣe), ó ju gbogbo ẹni tó wà nínú líìgì lọ. Kò tíì sí aláwọ̀ dúdú tó ṣe é ṣáájú rẹ̀. Láàárín sáà yẹn náà ló lọ sí ìdíje Olympic ní Salt Lake City, ó gbá góòlù méjì wọlé nínú àṣekágbá, Kánádà na Amẹ́ríkà ní 5–2, wọ́n sì gba wúrà tí wọ́n ti ń retí láti 1952.

Ní 2004, Calgary dé àṣekágbá Stanley Cup pẹ̀lú Tampa Bay. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ni ife. Calgary ti gba mẹ́ta, ìkẹfà sì bọ́ sí ilé wọn. Nínú àfikún àkókò kejì, Martin St. Louis ti Tampa gbá a wọlé. Tampa gba ìkeje náà, ó parí.

Èyí tí mo fojú rí ni ti oṣù Kejì 2010. Kánádà àti Amẹ́ríkà, àṣekágbá Olympic, 2–2, àfikún àkókò, ní Vancouver. Sidney Crosby ké sí i pé, "Iggy!" Iginla ti ń ṣubú lọ bí ọmọ Amẹ́ríkà kan ṣe gbé ara lé e, síbẹ̀ ó ti pọ́ọ̀kì náà sí Crosby, Crosby sì gbá a wọlé. Ilé aládùúgbò mi ni mo ti wò ó. Mi ò tíì mọ òfin eré náà dáadáa nígbà yẹn, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ń pariwo orúkọ yẹn ní yàrá náà, èmi nìkan ni mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Eré 1,554 ló gbá nínú NHL, góòlù 625, àmì 1,300. Ó fẹ̀yìn tì ní 2018, ní oṣù Kẹta 2019 Calgary gbé nọ́ńbà 12 rẹ̀ kọ́ òkè kí ẹnikẹ́ni má bàa wọ̀ ọ́ mọ́. Ní 2020 wọ́n yàn án sínú Hockey Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni họ́kì, lẹ́yìn Fuhr, Angela James àti Willie O'Ree nínú àwọn aláwọ̀ dúdú. O'Ree ló kọ́kọ́ wọ NHL nínú wọn, ní 1958, ojú kan ló sì fi ń ríran.

* * *

Mo ka àwọn èsì tó tẹ̀ lé ìyẹn. Èrò tó pọ̀ jù ni pé ẹni tó mọ eré gbá kì í mọ̀ ọ́n kọ́, pé Iginla fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó ti àwọn ọmọdé. Wayne Gretzky ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó gbá họ́kì tó Gretzky, òótọ́ sì ni pé ó fi sáà mẹ́rin darí Phoenix, láti 2005 sí 2009, kò gbé wọn dé ìdíje ìparí sáà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àmọ́ ẹ kò dárúkọ Toe Blake. Ìràwọ̀ ni Blake nígbà tó ń gbá, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó wúlò jù nínú líìgì ní 1939. Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá Montreal, láàárín 1955 sí 1968, Stanley Cup mẹ́jọ ló gbà. Ẹ wo Darryl Sutter pẹ̀lú. Òun ló darí Calgary lọ́dún 2004 yẹn, òun ló sì wà ní Los Angeles nígbà tí Iginla lọ parí eré rẹ̀ síbẹ̀ ní 2017. Sutter ti ṣe balógun ikọ̀ Chicago kí ìfarapa tó lé e kúrò lórí yìnyín, ó sì gba ife méjì fún Los Angeles, 2012 àti 2014.

Nítorí náà ẹ má ṣe fi Gretzky nìkan dájọ́. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí eré bá wọ̀ lára láìṣe wàhálà kì í rántí bí òun ṣe kọ́ ọ. Iginla ò sí nínú irú wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá jù, agbára àti àkànṣe iṣẹ́ ló fi débẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sọ fún ọmọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ àwọ̀. Mi ò ní bá ẹni tó béèrè jiyàn pé ẹ̀tanú ò sí. Ó wà. Nígbà tí ọmọ mi wà ní ọdún mẹ́jọ, òbí ọmọ kan bi í lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra pé ṣé kì í ṣe básíkẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó máa gbá. Bàtà yìnyín wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà nígbà tó ń bi í.

Dirk Graham ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú NHL, ní Chicago, 1998. Wọn ò jẹ́ kó parí sáà kan. Ṣáájú ìyẹn, John Paris Jr. ti fi Atlanta Knights gba ife líìgì kejì ní 1994, síbẹ̀ kò sí ikọ̀ NHL tó gbé olórí fún un. Akim Aliu, tí wọ́n bí ní Òkènè, tó sì bá Iginla wọ aṣọ Calgary fún ìgbà díẹ̀, jáde ní 2019 láti sọ ọ̀rọ̀ èébú tí Bill Peters sọ sí i lórí àwọ̀ rẹ̀ nígbà tí Peters ń kọ́ ọ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Calgary náà ni Peters ń darí lásìkò tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

(Ẹni tó ní Aliu náà Yorùbá ni: Òkènè wà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ilẹ̀ Ẹ̀bìrà ni. Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹni fún ẹni.)

Gbogbo ìyẹn wà lójú, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí kò dáa ni kí a máa sọ pé ohunkóhun tí aláwọ̀ dúdú bá yàn, wọ́n fipá mú un yàn án ni. Nígbà tí Iginla fẹ̀yìn tì, agbègbè Boston ni òun àti Kara ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ikọ̀ àwọn ọmọ wọn ló ń bá wọn kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n kó lọ sí Kelowna ní British Columbia, ó sì gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní RINK Hockey Academy, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kàwé tí wọ́n sì ń gbá họ́kì. Ẹni tó ń sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ nìyẹn.

* * *

Ìyá kan ní Winnipeg ya ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní òun ní ọmọ ọdún méje, ṣé kí òun fi sí i. Mo fẹ́ dáhùn torí ó kan ohun tí à ń bá bọ̀.

Ẹ fi sí i, ma, ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń fún ní àkókò àárọ̀ kùtùkùtù, ẹ ó máa jí nígbà tí òkùnkùn ṣì wà. Ẹ ra bàtà àlòkù, ẹsẹ̀ ọmọ ń dàgbà jù fún tuntun. Ìwọ̀n rẹ̀ máa ń kéré díẹ̀ sí ti bàtà ilé ìwé, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ wò pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Akoto nìkan ni kí ẹ má rà ní àlòkù. Bí owó ìforúkọsílẹ̀ bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ wá KidSport, wọ́n máa ń bá òbí san án. Iginla fi ẹgbẹ̀rún dọ́là kan sílẹ̀ fún KidSport lórí góòlù kọ̀ọ̀kan tó bá gbá láti 2000, ó sì sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún méjì nígbà tó yá. Ẹ fi góòlù ọdún kọ̀ọ̀kan ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ohun tó kù ni pé kí ẹ béèrè ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá kí ẹ tó sanwó. Ní sáà kan, èyí tó ń kọ́ ọmọ mi fi í sórí bẹ́ǹṣì fún gbogbo ogún ìṣẹ́jú ìkẹyìn nítorí pé wọ́n fẹ́ borí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nínú ọkọ̀, kò sunkún, ó kàn ní òun ò lọ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ tì. Ọdún kejì ni ọ̀gbẹ́ni mìíràn gba ikọ̀ náà, ó pè mí, ó ní kí n kọ́ òun bí a ṣe ń pe orúkọ ọmọ náà ní kíkún, kì í ṣe ìdajì rẹ̀ tí àwọn yòókù ń pè. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ń kà á bí ẹni ń kọ́ ABD. Ọmọ mi gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin yẹn lórí yìnyín, ó padà.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń bá wọn ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn bẹ́ǹṣì. Mo ti so okùn bàtà fún ọmọ mẹ́tàdínlógún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti rí ọmọ tó kọ̀ láti jáde torí pé kò tíì fọwọ́ kan pọ́ọ̀kì, tí ẹsẹ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n torí ó ti rẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà tó ń gba owó NHL mọ ohun tó wá ṣe. Ọmọdé, ìwọ lo máa kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣubú, bí a ṣe ń dìde, bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíì, kó tó kan bí a ṣe ń gbá góòlù. Ẹ má pe ìyẹn ní eré.

* * *

Èsì tó kàn: "Àwọn ọmọ tirẹ̀ ló lọ ń kọ́, ojúsàájú ni." Ẹlòmíì ní owó ló sọ Tij di nǹkan.

Owó ràn án lọ́wọ́, ta ló máa sẹ́ ẹ? Ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo èèyàn, ìnáwó yẹn sì wà lára ohun tó ń dínà mọ́ àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n owó ò gbá góòlù. Nígbà tí Tij kúrò lábẹ́ bàbá rẹ̀, ikọ̀ ọ̀dọ́ ti Seattle ló kọ́kọ́ lọ; nígbà tó bọ́ sí Kelowna Rockets, góòlù 47 ló gbá ní sáà 2023 sí 2024, níwájú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò bá a tan. Jade ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbá fún Yunifásítì Brown. Joe àbúrò wọn ti gbá fún Edmonton Oil Kings, ní ìlú tí wọ́n ti bí bàbá wọn.

Lórí ojúsàájú, ìrírí tèmi yàtọ̀ sí ti yín. Ọmọ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló máa ń jìyà jù nínú ikọ̀ tí mo mọ̀. Àwọn òbí yòókù ń ka ìṣẹ́jú tó lò, bàbá náà sì mọ̀ pé wọ́n ń kà á.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan ní London ránnilétí ohun tó yẹ kí n ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Martin St. Louis tó gbá Calgary mọ́lẹ̀ ní 2004 yẹn, kí ló ṣe nígbà tó fẹ̀yìn tì? Ó lọ ń kọ́ ikọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò darí ikọ̀ àgbàlagbà kankan. Ní oṣù Kejì 2022, Montreal Canadiens, ikọ̀ tó gba Stanley Cup jù láyé, mú un tààrà láti ibẹ̀, wọ́n gbé gbogbo ikọ̀ lé e lọ́wọ́. Ní 2025 ó gbé wọn dé ìdíje ìparí sáà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní eré ọmọdé ni, ẹ bá mi dá Montreal lóhùn. Kí ni wọ́n rí?

* * *

Ìkan tó kù ni ti "ṣé tiwa ni". Àwọn kan ní òyìnbó ló tọ́ ọ, kò gbọ́ Yorùbá, ká yéé fi ara wa mọ́ ọn. Àwọn kan ti fẹ́ fi joyè.

Mi ò sí nínú méjèèjì. Kánádà ló gbá fún, Kánádà ló sì ni wúrà méjèèjì. Ṣùgbọ́n Igi-ńlá ni orúkọ tó wà lẹ́yìn aṣọ yẹn fún ogún ọdún, kò gé e, kò yí i padà, ó sì wà lẹ́yìn aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ báyìí. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò pè é dáadáa. Wọ́n ń pè é ṣá. Ó sì jẹ́ ìrọ̀rùn fún mi láti sọ fún ọmọ mi pé orúkọ tirẹ̀ náà yóò gba ẹ̀yìn aṣọ.

Bàbá àgbà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ńkọ́? Òyìnbó ni, kì í ṣe ẹbí Adékúnlé. Òun ló ń wa ọmọ yẹn la òjò dídì já ní àárọ̀, òun ló ń dúró tì í. Nígbà tí mo gbọ́ pé Iginla wà ní Kelowna tó ń kó àwọn ọmọ kiri láti pápá dé pápá, mi ò béèrè ẹni tó ti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun gbà pé iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n òun ò gbà pé ó tó fún un, pé ẹni tí ife bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní 2004 gbọ́dọ̀ wá a bí akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jáde nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ò sì tíì darúgbó. Bí Calgary bá gbé e síwájú bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kan, èmi àti ọmọ mi yóò wà lórí ìjókòó pẹ̀lú aṣọ nọ́ńbà 12. Títí dìgbà náà, inú mi dùn síbi tó wà. Ẹ̀yin ẹ ṣì fẹ́ ife, mo rí i, kò sì burú.

Ìyá Winnipeg, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bí bàtà náà bá wọ̀ ọ́.